Ẹ MÁ FI ORÚKỌ JÉSÙ BO KÓKÓ MỌ́LẸ̀

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí máa korò létí àwọn kan. A mọ̀. Ẹ ṣáà kà á dé òpin kẹ́ ẹ tó bú wa.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa níbí ní Igbótako. A ò ní dárúkọ ẹ̀. Púpurú ló ń tà. Ó rí kókó kan lọ́mú ẹ̀, kò dùn ún, kò sì gbóná. Ó wá bá wa. Kí la ṣe? A ta òróró sí i lórí, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ní kó lọ fọkàn balẹ̀, ọ̀tá ti kú. Ẹnu wa ò gbé e láti sọ pé, "Ìyá, ẹ lọ rí dókítà." Ó gba orí òkè àdúrà kan lọ, àwọn yẹn ní ọfà ni, pé láti ilé ọkọ ẹ̀ ni wọ́n ti ta á. Oṣù mọ́kànlá kọjá. Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, kókó ti di egbò, àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. A sin ín. Àwa náà la wàásù níbi ìsìnkú, a ní àkókò ẹ̀ ló tó. A ò mọ̀ bóyá àkókò ẹ̀ tó. Ohun tá a mọ̀ ni pé a bá a fi oṣù mọ́kànlá ṣòfò.

Ìdí nìyẹn tá a fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà àti àwọn ará ilé wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Àtìgbà tá a ti kéde ẹ̀ làwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan ti ń fọ̀rọ̀ gún wa lára. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní: "Ẹ ti ń pe àrùn wá sínú ìjọ."

Haa! Ẹ̀yin ará, ẹni tó ní kí ẹ ṣọ́ iná, ṣé òun ló dáná sun ilé? Ẹ rántí Òde-Ìrèlè, ará ilé wa ni wọ́n. Oṣù kẹrin ọdún 2015. Èèyàn á ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú, kò ní pẹ́, ó ti kú. Kí ni wọ́n ń sọ káàkiri? Wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, wọ́n ní àwọn kan ló já wọ ojúbọ. Nígbà táwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ògógóró tí májèlé methanol wà nínú ẹ̀ ni wọ́n mu. Ká ní wọ́n ti tètè mọ̀ kí wọ́n gbé ife sílẹ̀ ni, ṣé àwọn kan ò ní yè? Òrìṣà ni wọ́n fi bo májèlé mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Jésù làwa fi ń bo kókó mọ́lẹ̀. Èwo ló wá sàn?

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO fojú bù ú pé lọ́dún 2022 nìkan, ó lé ní 120,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 75,000 tó kú. Ṣé àwa la pè é wá bá gbogbo wọn?

Wọ́n ní: "Ọba Asa lọ bá oníṣègùn, ó sì kú."

Ẹ lọ tún un kà, 2 Kíróníkà 16. Ẹ̀ṣẹ̀ Asa ni pé ó kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Hesekáyà ńkọ́? Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti ṣèlérí pé yóò yè, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Ìlérí wà, oògùn wà. Kólósè 4:14 fi yé wa pé dókítà ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù ò sì lé e dànù. Tímótì tí inú ń yọ lẹ́nu, ìmọ̀ràn nípa ohun tó máa mu ni Pọ́ọ̀lù fún un. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ná gbogbo owó ẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Níbo ni Jésù ti bá a wí pé ó lọ? A gbà pé Jésù ń wo aláìsàn sàn. A ti rí i. Àmọ́ ẹni tí Ọlọ́run bá wò sàn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ ìyanu tòótọ́ kì í sá fún àyẹ̀wò.

Wọ́n ní: "Ohun ìtìjú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ."

Ìtìjú yìí gan-an ló ń pa wá. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, jẹjẹrẹ ọmú mú wọn ní 1997. Wọn ò fi pamọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá BRECAN sílẹ̀, kí wọ́n lè máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀, kí wọ́n sì dúró ti àwọn tó ní in. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, wọ́n di ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ wa lẹ́yìn ogún ọdún. Nínú ilé kan náà, jẹjẹrẹ prostate ló gba ọkọ wọn, Gómìnà Rotimi Akeredolu, lọ́wọ́ wa ní oṣù Kejìlá 2023. Kò mọ olówó, kò mọ ọkùnrin. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti lé lógójì ọdún, tí ìtọ̀ yín ń kán tó-tó, tí ẹ ń jí lóru lẹ́ẹ̀mẹrin láti tọ̀, ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ má sọ pé àgbà ni.

Ẹ̀yin ìyá, kókó tí kò dun èèyàn ló yẹ kẹ́ ẹ sáré sí. Bí orí ọmú bá wọlé, bí awọ ibẹ̀ bá ń sún jọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu ọmú, bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá dúró, ẹ má dúró de ìsọjí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ńkọ́? Kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àfi díẹ̀ bàyìí ló yàtọ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2023. Lórí pẹpẹ kan la ti gbọ́ ọ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni! Pásítọ̀ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé òun ló máa gbé ọmọ náà lọ UCH ní Ìbàdàn lógún ọdún sí i?

Ẹ wo ará Samáríà. Ó di egbò ọkùnrin yẹn, ó gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sanwó ilé èrò, ó ní òun á tún padà wá. Àlùfáà àti ọmọ Léfì kọjá lọ. Bóyá ìṣọ́ òru ló ń pẹ́ wọn. Àwa náà ti kọjá lọ rí, a ò ní kọjá mọ́.

Ìpàdé wa nìyí: nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú ìjọ wa ló ń kọ́ wa. A ń wá owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń lọ Òkìtìpupa, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìbàdàn, ẹnì kan á sì bá a lọ, torí àdánìkanlọ síbi kẹ́mò kò dáa. A ń gbé oúnjẹ lọ fáwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé. Ẹni tí dókítà ti sọ pé kò sí ohun tó kù, a máa ń jókòó tì í, a sì ń rí i pé ó rí oògùn ìrora lò. Mùsùlùmí lẹ jẹ́ o, onísẹ̀ṣe lẹ jẹ́ o, ẹ máa bọ̀. A ò ní bẹ̀bẹ̀ ọrẹ, a ò ní ta àgbo, a ò ní ya fọ́tò yín sórí Facebook.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, nǹkan mẹ́ta péré la fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kó da oògùn nù. Kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ lé aláìsàn lórí, ẹ bi í pé, "Ṣé o ti rí dókítà?" Owó sípíkà ńlá tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́dún yìí, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún owó ọkọ̀ aláìsàn kan.

Ọlọ́run dárí jì wá fún oṣù mọ́kànlá yẹn. Kò ní bá wa nínú àìmọ̀kan mọ́ lórúkọ Jésù. Ẹ kọ Àmín, kẹ́ ẹ sì pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi kókó pamọ́ lábẹ́ aṣọ.