Ọ̀rá tí Ó Lẹ̀ Mọ́ Ara Rẹ̀



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tí ń ta àkàrà. Ó fa ọ̀rá kan yọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò là. Ni ó bá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì kó àkàrà sínú rẹ̀. A bá a wí. Ó dá wa lóhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rá náà ni kò là. Kí ni kí n wá ṣe sí i?" A kò rí èsì fún un, ojú sì tì wá. Ẹni tí yóò báni wí, ó yẹ kí ó lè kọ́ni pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe wádìí ọ̀ràn yìí.

Ní ọdún 1933 ni Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣàdédé rí irú ike tí a fi ń ṣe ọ̀rá, nínú iṣẹ́ wọn ní Winnington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ̀lọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń mú kí ó lẹ̀. Nígbà tí ojú méjì tí ó jọ̀lọ̀ bá pàdé, ibi púpọ̀ lára wọn ni ó kan ara. Àyè kò sí fún atẹ́gùn láàrin wọn, wọn a sì di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé pákó lé orí òkúta wẹ́wẹ́, kìkì orí àwọn òkúta náà ni pákó yóò kàn. Ọgbọ́n yìí ni àwọn tí ń ṣe ọ̀rá ń lò. Wọn a po ìyẹ̀fun òkúta díẹ̀ mọ́ ike yíyọ́ kí wọn tó fẹ̀ ẹ́ di ọ̀rá fẹ́lẹ́; àwọn hóró rẹ̀, tí wọ́n kéré púpọ̀ sí ìbú irun orí ènìyàn, a sì yọrí lára rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi irin rìbìtì tí a gbẹ́ àmì wẹ́wẹ́ sí tẹ ọ̀rá náà nígbà tí ó ṣì gbóná. Báyìí ni èyí tí kò jọ̀lọ̀ tán fi ń yọ̀ ju èyí tí ó jọ̀lọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n: bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ jù, ọ̀rá a dàbí ìkùukùu, a kì í sì rí inú rẹ̀ kedere mọ́.

A padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. A ní kí ó fi ọwọ́ tí a ti fọ̀ ra ẹnu ọ̀rá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ojú kan lè yẹ̀ lórí èkejì, kí atẹ́gùn sì wọlé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì là. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Nítorí èémí àti itọ́ a máa gbé àrùn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.