Nínú Ilé Ìdáná: Búrẹ́dì Àwọn Ará Aginjù

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé ẹni tí kò ní ààrò ìyan búrẹ́dì kò lè ṣe búrẹ́dì nílé, àfi kí ó máa rà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Bẹ́dúìnì, ìyẹn àwọn Lárúbáwá darandaran aginjù Sínáì àti Jọ́dánì, kò lè máa ru ààrò kiri bí wọ́n ti ń ṣí àgọ́ láti ibìkan dé ibòmíràn. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yọ ikùn sókè bí agbada tí a dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n ń pè ní sáàjì, ni àwọn obìnrin wọn ń gbé ka iná. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbé inú ilé lónìí, ṣùgbọ́n a ṣì ń lo sáàjì.

Wọn a máa ṣe búrẹ́dì aláìwú, wọn a sì máa ṣe èyí tí ó ní ìwúkàrà. Èyí tí ó ní ìwúkàrà ni a ó ṣe, nítorí pé ó rọ ọmọdé lẹ́nu.

Ẹ wá fúláwà ife 3, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì 1, yíìsì gbígbẹ ṣíbí ìmutíì 1, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 1. Ẹ ti ìka bọ omi náà: bí ó bá jó yín, yóò pa yíìsì. Ẹ da yíìsì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi po fúláwà àti iyọ̀ títí yóò fi dán tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó.

Ẹ má wo aago. Ohun tí ẹ pò ni kí ẹ máa wò, títí yóò fi di ìlọ́po méjì. Nígbà ooru, ó lè má tó wákàtí kan. Nígbà ọyẹ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kánjú yóò jẹ búrẹ́dì líle bí awọ. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ yóò bá a ní kíkan.

Kí ẹ tó pín in, ẹ bu ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan pamọ́ sínú abọ́ tí ó ní ìdérí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú u, kí ẹ fi po òmíràn láìra yíìsì. Yóò kàn pẹ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ kí ó tó wú. Ọgbọ́n ayé àtijọ́ ni èyí, kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí ògì ti ń kan.

Ẹ pín ìyókù sí ọ̀nà 8, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi ìgò tí a fọ̀ mọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ẹ gbé páànù irin ka iná láìsí epo. Bí omi tí ẹ wọ́n sí i bá ń ta, ó ti gbóná tó. Ìṣẹ́jú 1 sí 2 tó fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ wé e bí ẹ ti ń gbé e kúrò, kí ó má bàa gan. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré sún mọ́ ìdí iná.

Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ jẹ ẹ́. Owó búrẹ́dì yóò dín kù, ẹ ó sì mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ tí ọmọ yín jẹ lọ sí ilé-ìwé. Ó di oṣù tí ń bọ̀.