KÁ RÌN KÁ PỌ̀: Ẹ̀KỌ́ TÍ A KỌ́ LÓRÍ ÒKÈ NÍ MARYLAND

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, àwa ọkùnrin ìjọ jáde lọ rin apá kan lára ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Àwọn kan ti bi wá pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ fẹ́ lọ gbàdúrà ni?" Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti ní pásítọ̀ lọ sórí òkè, ààwẹ̀ àti àdúrà ló kù. Rárá o. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ la fẹ́ lọ nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá àwọn ọkùnrin wa fà á nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí. Láti orí ìjókòó ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó tán.

Ọ̀nà yìí gùn tó bíi máìlì 2,190. Láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine, ìpínlẹ̀ 14 ló là kọjá. Benton MacKaye ló dá a lábàá lọ́dún 1921, wọ́n sì là á já lọ́dún 1937. Apá tiwa ní Maryland jẹ́ bíi máìlì 41. Nínú rẹ̀, bíi máìlì 5 péré, àlọ àtàbọ̀, la fẹ́ rìn: láti ibi ìgbọ́kọ̀sí létí ọ̀nà US 40 dé Annapolis Rock.

Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi sààmì sára igi kí èèyàn má baà ṣìnà. Tí ẹ bá rí àmì funfun méjì lórí ara wọn, ẹ lajú yín, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn. Ọ̀dà búlúù ni ti ọ̀nà tó yà sí ẹ̀gbẹ́, bóyá síbi omi tàbí ibi ìsinmi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn ga. Àwa tí ara wa le la wà níwájú, à ń kọrin, à ń pariwo Halelúyà. A dé orí àpáta, a rí adágún omi Greenbrier nísàlẹ̀. Haa, iṣẹ́ ọwọ́ Olúwa pọ̀! Ìgbà tí a fẹ́ ya fọ́tò la tó ka ara wa. Mẹ́rìnlá ló kúrò nídìí ọkọ̀. Mẹ́tàlá ló wà lórí àpáta.

Àyà wa já. A sáré padà, à ń pariwo orúkọ rẹ̀, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ibi tí a ti bá a ni Pine Knob, níbi tí ọ̀dà búlúù ti yà sí ahéré onígi kan tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó dá jókòó síbẹ̀. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti bọ́ sáàárín wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò fojú kan oorun. A ní, "Bàbá Díákónì, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?" Ó ní, "Mi ò fẹ́ dá yín dúró ni, sà. Ó ti mọ́ mi lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀yìn náà kúkú ni mo wà."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Àwa la dúró lórí pẹpẹ tí a ní ẹni tí kò wá ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Túsìdé àti ìṣọ́ òru Fúráìdé ti di kò-gbóná-kò-tutù. Ọjọ́ méjèèjì yẹn gan-an ni iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Owó iṣẹ́ náà ló fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ níbí, tó fi ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀ nílé. A kò bi í léèrè rí.

Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 33. Ísọ̀ ní kí wọ́n jọ máa lọ. Jákọ́bù kọ̀: àwọn ọmọ ṣì kéré, àwọn ẹran ń fọ́mọ lọ́mú, tí wọ́n bá fi agbára dà wọ́n lọ́jọ́ kan péré, wọn yóò kú. Ó ní jẹ́jẹ́ lòun yóò máa bọ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ṣe lè gbé e. Ẹ má gbàgbé pé Jákọ́bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tiro bọ̀ láti Péníẹ́lì ni. Ẹni tí Ọlọ́run bá ti fọwọ́ kàn níbi egungun itan kì í lé èèyàn ní eré.

Ẹnì kan á sọ pé, "Pásítọ̀ ti ń dẹ̀ ẹ́ o." Rárá. Ọ̀dà funfun kò kúrò lára igi. Ẹni tó yára àti ẹni tó rọra, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Hébérù 10:25 ṣì wà nínú Bíbélì wa. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù nílé lọ́jọ́ ìsìn mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ti rẹ̀. Àwọn tó ń mójú tó ọ̀nà yìí gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó fi oṣù díẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, àti ẹni tó ń rìn ín díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, oyè kan náà ni wọ́n fún wọn. Ṣé ìjọ Ọlọ́run ló wá yẹ kó le ju ìyẹn lọ?

Nítorí náà, àwa àti ìyàwó wa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, a ó máa fi ẹ̀kọ́ Bíbélì ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò bá ẹnikẹ́ni wí lórí pẹpẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, a kò padà sórí àpáta mọ́. A jókòó ti Bàbá Díákónì, a pín mọ́ínmọ́ín jẹ, a sì fi í síwájú nígbà tí à ń bọ̀. Àpáta ṣì wà níbẹ̀. Tí a bá tún lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀.

Olúwa kò ní fi ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀ lọ́nà. Kí ẹ tó kọ "Àmín" sísàlẹ̀ yìí, ta lẹ ti fi sẹ́yìn? Ẹ kọ́kọ́ pè é ná.