Ibi tí a ó pàgọ́ sí nínú yìnyín: ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìgboyà



Àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé ní Québec, ní Kánádà, nítorí Faransé tí a fi kọ́ wọn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Tí ìgbà òtútù bá dé, àwọn kan a bá ọ̀rẹ́ wọn lọ pàgọ́ sùn nínú igbó ìjọba, bíi Parc national de la Mauricie tàbí ti Gaspésie. Fọ́tò rẹ̀ la máa ń rí lórí WhatsApp. Òbí mìíràn á ní kí ọmọ má dán an wò láéláé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ti ń yan ibi tí a ó sùn. Ibẹ̀ ni ikú àti ìyè wà.

Ibi tó dára nínú fọ́tò kọ́ ló dára fún oorun. Lórí adágún tó dì, kò sí ohun tó dí atẹ́gùn lọ́nà, atẹ́gùn sì ń sọ òtútù di ìlọ́po. Ìsàlẹ̀ àfonífojì náà kò dára: afẹ́fẹ́ tútù wúwo, lóru ni ó máa ń ṣàn wá síbẹ̀ bí omi. Ó sàn kí a gòkè díẹ̀, kí a wà láàárín igi tó ń bẹ láàyè. Kí a sì wo òkè kí a tó wo ilẹ̀, nítorí igi gbígbẹ àti ẹ̀ka tí yìnyín wọ̀ lọ́rùn lè já lu àgọ́.

Ẹni tó máa gba orí omi dídì kọjá, kí ó mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 10, tó mọ́ tó sì le, ni wọ́n ń kà sí èyí tó kéré jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Níbi tí odò ti wọ adágún tàbí tó ti jáde, ó máa ń fẹ́lẹ́, nítorí omi tó ń ṣàn kì í tètè dì.

Ní Gaspésie, òkè Chic-Chocs ga, òmíràn ju mítà 1,000 lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó ìwọ̀n 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀, ẹni tó sùn sí ẹsẹ̀ òkè náà ló sì máa bò. Avalanche Québec ń kéde ewu yìí nígbà òtútù, ní Faransé. Ọmọ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè kà á. Kí ló dé tí kò ní kà á?

Àwọn ọ̀dọ́ á sọ pé ẹni tó pàgọ́ sẹ́bàá títì kì í ṣe akọni. Ẹ bi àwọn ọdẹ wa. Ọdẹ kì í kàn wọ igbó tí kò mọ̀ kó sùn sábẹ́ igi kígi. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú níbẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, fóònù kì í sì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yan ibi tí ẹ lè fi wákàtí kan padà sí ọkọ̀, kí ẹ sì débẹ̀ kí ọ̀sán tó lọ tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí ọmọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í: Níbo gan-an? Ta ló mọ ibẹ̀ nínú yín? Ta ni ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí ìpadàbọ̀ yín fún ní ìlú tí ẹ wà? Láti Kétu, ẹkún nìkan la lè sun. Ẹni tó wà nítòsí ló lè pe olùgbàlà. Ọmọ tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dúró sílé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín lónìí, kí òtútù tó dé.