Wọ́n Ń Jí Ẹranko Tó Ti Run Dìde, Ta Ló Ń Ṣọ́ Igún?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Colossal Biosciences ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti jí dire wolf dìde, ìyẹn ìkookò ńlá kan tó ti run láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí fídíò àwọn ọmọ ìkookò funfun náà fi dé Bàrígà. Ọ̀gá tó ń gẹ irun fún mi ní Ladi-Lak nà án sí mi, ó ní: "Onísáyẹ́ǹsì, ṣé ẹ lè bá mi jí bàbá mi náà?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rò ó délé.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Wọ́n rí DNA nínú eyín àti egungun àtijọ́, àmọ́ ó ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n kà á, wọ́n fi wé ti ìkookò òde òní, wọ́n wá ṣe àtúnṣe 20 sínú jíìnì 14 ti ìkookò òde òní. Ajá ló gbé oyún rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìwé àtijọ́ kan bá ti fà ya, tí a wá gbé ìwé mìíràn tó jọ ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí a ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ 20 padà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìwé àkọ́kọ́ sí èèpo rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kankan ò jí.

Èyí tó ń dùn mí ni igún. Ìyá àgbà mi ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé Bàrígà, igún máa ń bà sórí òrùlé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá alààyè, mi ò tíì fojú rí igún láàyè ládùúgbò yìí rí. Orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, lórí àtẹ àwọn tó ń ta èròjà oògùn. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún wa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Láàárín ọdún 2019 sí 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000 ní Guinea-Bissau, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí láàbù á dá a padà?" Ẹ dúró ná. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àgùntàn Dolly lọ́dún 1996 kò ṣeé lò fún ẹyẹ, torí bí ẹyin ẹyẹ ṣe rí. Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe lọ́la, ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ọjà tó ń ra orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Igún tí láàbù bá bí láàárọ̀, kí ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gé orí rẹ̀ lálẹ́? Ohun tó pa á lákọ̀ọ́kọ́ kò sí nínú jíìnì rẹ̀. Ọwọ́ wa ló wà.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àjọ Nigerian Conservation Foundation náà ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa fi ewé rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó àti ariwo wa lọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ra orí igún wá, ẹ fi sùúrù béèrè pé: "Bàbá, ewé wo ló lè rọ́pò rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ò gba láàbù, igún tó kù láàyè ló sì ń gbà là.