Àpapọ̀ Oògùn Kì í Ṣe Àmúlùmálà

Ìrìn dánfó kan ṣoṣo ló wà láàrin ọjà Ojúwòyè ní Múṣin àti Ilé Ìwòsàn Mainland ní Yábàá, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní IDH. Ní ibi méjèèjì, oògùn apakòkòrò tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ń kó lé aláìsàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá sì wò ó dáadáa lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Ìwé ìròyìn yìí ti yẹ ọ̀ràn náà wò síwá sẹ́yìn. Ìdájọ́ wa ni pé ti Yábàá ń tún ìlú ṣe, ti Múṣin ń bà á jẹ́, àti pé èyí tó ń bà á jẹ́ ti fẹ́ gba ohun ìjà lọ́wọ́ èyí tó ń tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àpapọ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí wọn lórí streptomycin jáde ní 1948, oògùn tuntun náà ti gbé ọ̀pọ̀ tí ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀ dìde, àfi bí oṣù díẹ̀ ti kọjá tí kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ oògùn náà mọ́. Oògùn kejì, PAS, ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn kí ìwòsàn tó fìdí múlẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: nínú ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò tó wà nínú àyà ènìyàn kan, a kì í wá díẹ̀ tí oògùn kan kò lè pa tì, ṣùgbọ́n èyí tí oògùn méjì kò lè pa lẹ́ẹ̀kan náà ṣọ̀wọ́n, èyí tí mẹ́rin kò lè pa kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Orí èyí ni ìtọ́jú oṣù mẹ́fà tí ibùdó ìjọba gbogbo ń lò dúró lé: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol fún oṣù méjì, kí méjì àkọ́kọ́ sì máa bá iṣẹ́ lọ fún oṣù mẹ́rin tó kù.

Ikọ́ tó bá ti ya olóríkunkun ló ń fi iyì àpapọ̀ hàn jù lọ. Nígbà tí UCH Ìbàdàn ṣí wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ikọ́ ife tí oògùn kò ràn ní 2010, ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí aláìsàn fi ń gba ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ oṣù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tó di etí àwọn mìíràn pa títí ayé. Ní 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àpapọ̀ mẹ́rin mìíràn, bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gbígbé mì, fún oṣù mẹ́fà péré. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀kan nínú wọn kan ẹnu, wọ́n á ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ike, ẹ̀rọ GeneXpert á ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní í tó wákàtí méjì tí yóò fi sọ bóyá rifampicin ṣì lè pa kòkòrò náà tàbí kò lè pa á. Ẹ̀rí ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo Ojúwòyè ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Obìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ara ń ro ó, inú ń lọ́ ọ, ó dúró níwájú káńtà kẹ́mísìtì kan, ó ní, “Dókítà, ẹ bá mi wá nǹkan sí i.” Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yìn káńtà, tí wọ́n fi orúkọ tí àwọn mìíràn lo ọdún mẹ́fà wá ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Ìdí-Àràbà dá lọ́lá, kò béèrè ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ó fi àlùmọ́gàjí gé hóró mélòó kan lára káàdì ciprofloxacin, ó gé díẹ̀ lára metronidazole, ó fi ampicillin tí a pò mọ́ cloxacillin kún un, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun kékeré tí kò ní orúkọ lára, ó sì ta á ní kókó. Lọ́jọ́ kejì inú ti rọ obìnrin náà. Ìyókù di ohun ìpamọ́ de ọmọ tó bá tún ṣàìsàn. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá kòkòrò tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa tilẹ̀ wà nínú obìnrin náà. Àpapọ̀ ampicillin mọ́ cloxacillin yìí, tí agbára káká la fi lè rí ilé tí kò wọ̀ rí ní Èkó, wà lára àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ sílẹ̀ láti 2019 pé kí a má ṣe lò wọ́n.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti kan gbogbo wa nìyí. Ciprofloxacin inú ọ̀rá funfun yẹn àti moxifloxacin tó jẹ́ ìkẹrin nínú oògùn Yábàá, ọmọ ìyá ni wọ́n; kòkòrò tó bá ti mọ ọwọ́ ìjà ẹ̀gbọ́n kì í pẹ́ mọ ti àbúrò. Ẹni tó ní ikọ́ ife láìmọ̀, tó sì ń ra cipro lemọ́lemọ́ nítorí inú rírun, ọgbọ́n ìjà ló ń kọ́ kòkòrò inú àyà ara rẹ̀, nítorí oògùn kan tó dá wà ni kòkòrò ń bá jà. Bí ó bá dé Yábàá nígbẹ̀yìn, mẹ́ta ló kù fún un nínú mẹ́rin. Kó tó débẹ̀ ńkọ́, mélòó ló ti wúkọ́ sí nínú dánfó? Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé ní 2019 nìkan, ènìyàn bí 64,500 ló bá kòkòrò tí oògùn kò ràn lọ ní Nàìjíríà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá yóò kàn máa fi oògùn kún oògùn nígbà tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018, tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, Gíríìsì àti Ítálì, fi colistin nìkan wé colistin pẹ̀lú meropenem lára aláìsàn 406 tí kòkòrò tí oògùn kò ràn ń bá jà. Àwọn tó gba méjèèjì kò sàn ju àwọn tó gba ẹyọ kan lọ. Oògùn tí a pò láìsí ẹ̀rí, yálà lẹ́yìn káńtà ni o tàbí ní wọ́ọ̀dù, ìrètí lásán la pò.

A kò ní di ẹ̀bi ru obìnrin tó ra ọ̀rá yẹn. Àyẹ̀wò tí yóò sọ irú kòkòrò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu àti irú oògùn tí yóò pa á ń náni ju oògùn kókó lọ, èsì rẹ̀ sì ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń retí láàárọ̀ ọ̀la kò lè dúró dè é. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline ti kéde ní August 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, tí apakòkòrò rẹ̀, Augmentin, sì di ọ̀wọ́n gógó, kí a gba ààbọ̀ oògùn dípò odindi ti di ìwà ọ̀pọ̀ ẹbí. Ẹ̀bi kan wà fún àwọn tó ń ta: òfin kò fún oníkẹ́mísìtì tí kì í ṣe apòògùn láṣẹ láti máa ta apakòkòrò bí ẹni ta gúgúrú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ni èyí tó wúwo jù wà. NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní February 2025, ariwo sọ, wọ́n tún ṣí i. Títì àti ṣíṣí kì í ṣe ìtọ́jú. Ní January ọdún kan náà, tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, gbogbo wa rí bí iṣẹ́ wíwá aláìsàn ikọ́ ife kiri àdúgbò ti gbára lé àpò ẹlòmíràn tó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní láti gbé owó àyẹ̀wò kòkòrò kúrò lọ́rùn aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá, kó sì fi í sínú ètò adójútòfò ìlera rẹ̀, kó tó ní ẹnu láti bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ọ̀rá funfun.

Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ife, àti oògùn rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni ní ibùdó ìjọba. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá ti wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé yín, ẹ mú un lọ síbẹ̀ kó tó ya kẹ́mísìtì.