OFFICE OṢÙ KAN KÌ Í ṢE OFFICE O!

Ẹ̀yin ará wa ní Sábó Gàrí àti káàkiri Kánò! Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta laptop fún wa yìí ti tó gẹ́ẹ́.

Tí a bá lọ ra laptop tuntun fún ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì tàbí fún ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dádì, Office ti wà nínú ẹ̀, kò sí wàhálà." Wọ́n á ṣí Word, wọ́n á tẹ nǹkan díẹ̀, a ó sanwó. Wọn ò ní sọ pé ìtọ́wò oṣù kan ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Tí oṣù bá pé, a lè ṣí iṣẹ́ wa, a lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n a ò lè fi lẹ́tà kan kún un mọ́. Orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà tó jẹ wá lówó wà níbẹ̀, a kàn ń wò ó bí ẹran inú gíláàsì ni.

Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí Office tiwọn kì í kú. Ìyẹn gan-an ló ń bí wa nínú jù! Inú account Microsoft ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i ló máa ń wọ̀, ó sì ní ọjọ́ 180 láti ìgbà tí Windows ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á wá fi email tiwọn ṣí i. A sanwó ilé, orúkọ ẹlòmíì ló wà nínú ìwé ilẹ̀. Èyí tí wọ́n sì tàn sílẹ̀ fún àfihàn láti ìgbà pípẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ ẹ̀ ti ń lọ.

Tí a bá padà lọ, wọ́n á ní ká mú owó wá, àwọn á bá wa kráàkì ẹ̀. Wọ́n á pa antivirus kí kráàkì náà tó wọlé, lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ báǹkì! Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ṣebí olówó ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe é. A ò bẹ̀bẹ̀ fún Amẹ́ríkà o. Ọlọ́jà tó gba owó Office lọ́wọ́ wa là ń bá wí, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Òfin FCCPC ti 2018 kò fàyè gba kí wọ́n fi irọ́ ta ọjà.

Ẹ má sanwó láìjẹ́ pé wọ́n ṣí Word, kí wọ́n tẹ File, kí wọ́n tẹ Account, kí ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀. Email yín ni kí wọ́n fi ṣí i. Kí wọ́n kọ irú Office náà sínú rìsíìtì. Ẹni tí kò lágbára ẹ̀, LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe olè, ó sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Àwọn ọmọ á ní kò rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn.

Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe báyìí fún, tí rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Sunday. A ó jọ lọ bá wọn ni.